Mùkáílà Ò Yíjú Sósì

Ẹ bá mi wo obìnrin tó ká aṣọ ọmọ kékeré kan, tó tú u, tó tún un ká, tó tún tú u. Hajarat nìyẹn, ní ìsọ̀ rẹ̀ ní ọjà Duala, níbi tó ti ń ta òkìrìkà, èyí tí àwọn ará Monrovia ń pè ní dokafleh. Ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀ lórí àpótí. Tó bá jókòó, á dìde. Tó bá dìde, á wo fóònù. Fóònù ò dún, á tún jókòó. Ọjọ́ Sunday tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó Amatullah, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, àná ni bàbá ọkọ sì ránṣẹ́ pé òun ò ṣe mọ́.

Bàbá ọkọ ọ̀hún, Alhaji Àjàlá ni, aránṣọ ní Old Road, ọ̀rẹ́ Mùkáílà, ọkọ Hajarat, látìgbà ogun. Wọ́n jọ tẹ̀lé àwọn sọ́jà wá láti Nàìjíríà ni. Àjàlá ń rán yunifọ́ọ̀mù, Mùkáílà ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Nígbà táwọn sọ́jà palẹ̀ ẹrù mọ́, àwọn méjèèjì ní àwọn ò lọ síbì kankan, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Old Road kan náà, wọ́n bímọ síbẹ̀. Láńre ọmọ Àjàlá ló rí Amatullah tó ní òun ò wo ibòmíì mọ́. Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn?

Mùkáílà yìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, èèyàn tó mọ̀ ọ́n kí ni. Kò sẹ́ni tó máa kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tí kò ní bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń bọwọ́ ní Monrovia, kí ìka àwọn méjèèjì lura, kó dún “tá!” Tiẹ̀ ń dún ju ti gbogbo èèyàn lọ. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sá wá nítorí “tá” yẹn nìkan.

Ọkùnrin yẹn kan náà ni wọ́n wá ní ó kọ àlàáfíà fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, apá òsì ẹ̀ ni Alhaji jókòó sí. Ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé tí ìrun bá ń parí, èèyàn á yíjú sọ́tùn-ún, á ṣe sàlámà, á tún yí sósì, á ṣe bẹ́ẹ̀. Mùkáílà yí sọ́tùn-ún, ó ṣe é dáadáa. Ó parí nìyẹn. Alhaji nawọ́ sí i, ọwọ́ dúró ní òfúrufú bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Mùkáílà dìde, ó wá bàtà ẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, àwọn méjèèjì ti jiyàn díẹ̀ lórí ibi táwọn àlejò máa ti jẹun, ṣé Duala ni àbí Old Road. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni o. Ṣùgbọ́n Alhaji ní, “Ṣé torí ibi ìjẹun ló ṣe fi mí sílẹ̀ bí ìdọ̀tí nínú ilé Ọlọ́run? Ẹni tí ò fẹ́ àlàáfíà mi, ọmọ mi ló máa wá fẹ́?”

Hajarat bi ọkọ ẹ̀. Mùkáílà ní, “Àjàlá? Àjàlá ò wá sí mọ́ṣáláṣí.”

“Ẹ̀gbẹ́ yín ló jókòó sí!”

“Ìwọ wà níbẹ̀ ni? Ìyá Amatullah, mo ní mi ò rí i.”

Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa fún un rèé látọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ohun tí Hajarat rò nìyẹn, kò sì lè sùn.

Bó ṣe ń ká aṣọ, tó ń tú u yìí, ni Dókítà Ṣìmí dé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ọmọbìnrin tiwa ni, ọsibítù ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀dọ̀ Hajarat ló ti ń ra aṣọ ọmọ. Ó ní, “Mama, ẹ máa ya aṣọ yẹn o. Kí ló dé?” Àfi bí ìgbà tẹ́nìkan ṣí ẹ̀rọ omi. Hajarat tú gbogbo ẹ̀ jáde. Amos tó ń ta ṣájà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Mùkáílà náà ti ń bínú. Ó ní ojoojúmọ́ lòun ń kí i, kì í dáhùn: “Papay, every day I say hello, you na want hear me again, enneh?” Ó tún ku ti oúnjẹ. Mùkáílà á jẹ ìrẹsì dé àárín àwo, á ní, “Hajarat, oúnjẹ yìí kéré o!” Ìrẹsì ṣì wà níbẹ̀ gegere! Tí Hajarat bá yí àwo náà padà, ọkọ ẹ̀ á ní, “Ẹ̀hẹ́n! Ìwọ lo ń fi pamọ́!”

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. “Apá wo ni Amos ń dúró sí?”

“Apá òsì.”

“Ìrẹsì tí wọ́n ń ṣẹ́ kù ńkọ́?”

Hajarat ronú. Ọwọ́ ẹ̀ dúró lórí aṣọ.

“Òsì.”

“Ṣé wọ́n ṣubú rí láìpẹ́?”

“Ó ṣubú láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ooru ni.”

“Mama, ẹ pa ìsọ̀ dé. Ká lọ, ní báyìí.”

Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n wọ̀ lọ gbé Mùkáílà ní Old Road. Ó ń jà lójú ọ̀nà pé kò sóhun tó ṣe òun. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ti ga dé òkè, ó sì ti kan ọpọlọ. Wọ́n dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Hajarat wá ní kí wọ́n pe Alhaji. Inú lè bí Yorùbá débi tó bá fẹ́, tó bá gbọ́ pé ọ̀rẹ́ òun wà lọ́sibítù, á lọ ni.

Alhaji dé, ó fajú ro. Apá òsì bẹ́ẹ̀dì ló dúró sí. “Mùkáílà, ara ńkọ́?” Mùkáílà yí orí sọ́tùn-ún, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹ rí i! Ẹ rí i! Àrífín náà rèé!”

“Ẹ fara balẹ̀, Alhaji,” Dókítà ní. Ó bi Mùkáílà, “Bàbá, ẹ di ojú. Ẹ ṣe bí ẹni tó ń bọ̀ láti Lakpazee, ẹ wọ Old Road. Kí lẹ rí?”

Mùkáílà di ojú. Ó ka ilé oníbúrẹ́dì, ó ka ṣọ́ọ̀ṣì, ó ka obìnrin tó ń yan ẹja. Ó ka gbogbo ẹ̀ tán, kò dárúkọ ṣọ́ọ̀bù Alhaji. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti jọ ń ta dráfù láti bí ọdún wo!

“Ó dáa. Ẹ ti dé ìparí títì. Ẹ yí padà, ẹ máa bọ̀. Kí lẹ rí?”

Ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu Mùkáílà. “Áà, Àjàlá ọ̀rẹ́ mi! Òun ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Aránṣọ tí ò mọ dráfù ta!” Ó wá ka Amos, ó ka apoògùn. Oníbúrẹ́dì àti ṣọ́ọ̀ṣì ti sọnù pátápátá.

“Ojú kọ́ ló ń ṣe wọ́n,” Dókítà ní. “Wọ́n di í, ẹ ṣáà rí i. Iṣẹ́ ni ojú ń jẹ́, ọpọlọ ló ń sọ pé èyí wà, èyí ò sí. Ibi tó ń mójú tó apá òsì ayé ló fara pa. Wọn ò kọ ẹnikẹ́ni. Òsì ni ò sí mọ́ fún wọn.”

Alhaji jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. “Ká ní ọwọ́ ọ̀tún ni mo jókòó sí, kò sí ìjà nìyẹn.” Ó nu ojú. “Ṣé ó máa padà?”

“Ó lè padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa dúró sósì, kí wọ́n máa wá yín. Ẹ fi nǹkan pupa síbẹ̀.”

Nǹkan pupa kẹ̀? Aránṣọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀!

Lọ́jọ́ Sunday ìgbéyàwó, ilé ìwòsàn fún Mùkáílà láyè wá, ó jókòó ní mọ́ṣáláṣí nínú agbádá funfun. Etí ọwọ́ òsì agbádá náà pupa yòò, bí iná ẹ̀yìn mọ́tò. Alhaji jókòó sósì ẹ̀. Hajarat wà lẹ́yìn kọ́tìnnì obìnrin, ó ń yọjú, ó ń padà, Amatullah ń fà á láṣọ: “Mọ̀mí, ẹ jókòó!”

Ìrun parí. Mùkáílà yí sọ́tùn-ún. Ó ṣe é. Ó dúró. Hajarat di kọ́tìnnì mú. Orí Mùkáílà wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, díẹ̀, díẹ̀, bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn. Ó kan ibi pupa. Ó kọjá ibẹ̀. Ó kan ojú Alhaji.

“Asalamu alaykum,” ó ní. Ó wá la ojú gbàràgàdà. “Àjàlá! Ìgbà wo lo dé?”

“Láti Jímọ̀ ìjọsí, bàbá mi!”

Ẹ̀rín gba mọ́ṣáláṣí kan. Alhaji nawọ́, wọ́n bọwọ́, ìka wọn dún: tá! Wọ́n ní kí Láńre sún mọ́ iwájú.

Hajarat fi kọ́tìnnì sílẹ̀. Ó jókòó.