Ibodè Ẹnu Ọ̀nà Káfíńtà

Ẹ ti gbọ́ ti ọ̀gá ọlọ́pàá tó wá gbé bẹ́ẹ̀dì. Màá tún un sọ, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bù mọ́ ọn.

Káfíńtà tí à ń pè ní Oníbodè ló kan bẹ́ẹ̀dì náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó bá ọ̀pá gbọọrọ tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun, tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Oníbodè ò gbójú sókè nídìí pákó tó ń fá.

"Ṣé o ò mọ̀ mí ni?"

"Mo mọ̀ yín. Ìjọba mi ni ò mọ̀ yín. Ìṣẹ́jú mélòó lẹ fẹ́ lò?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Márùn-ún."

Ọ̀pá gòkè. Ọ̀gá wọlé, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kó fi dán an wò, ni oorun bá gbé e lọ. Nígbà tó máa jí, Oníbodè ti dúró lé e lórí tòun ti òòlù. "Ọ̀gá, ẹ ti kọjá iye tẹ́ ẹ bèèrè. Mo ti mú yín."

Orí ẹ̀ ò dàrú o. Agbègbè wa dá wà tẹ́lẹ̀. A ní ilé ẹjọ́ tiwa, a ní ìgbìmọ̀ tiwa. Àwọn aláṣẹ kan ló jókòó síbi kan, wọ́n fi wá kún àwọn ará òdìkejì odò. Wọn ò bi wá. Àwọn baba wa kùn sínú, àwa pariwo. Nígbà tó yá, wọ́n ní ká dìbò: ká yà ni, àbí ká má yà. Oníbodè ló kan àpótí ìbò. A fìdí rẹmi. "Ẹ wayé," ló wí, "àpótí tí mo fọwọ́ ara mi kàn ni wọ́n fi sin mí."

Àwa yòókù gba kámú. Òun kan ọ̀pá mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ní ṣọ́ọ̀bù tòun ti yà. Bí òjò bá lé wa síbẹ̀, á ní, "Ogunléndé ti dé. Ẹ má fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ ilẹ̀ mi."

Ìyàwó ẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìjọba náà rú. Ará òdìkejì odò ni. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán dé, àwọn oníbàárà ń wò bóyá Oníbodè á ṣojúsàájú.

"Ìyá àwọn ọmọ mi, níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ṣé àlejò wá ni mí?"

"Òfin ni."

"Ó dáa. Àlejò kì í dáná fún onílé." Ó gbé abọ́ ẹ̀ padà, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó sọdá lọ sílé bàbá ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àga tí Oníbodè kàn ló ń mì. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó sọdá odò. Bàbá ìyàwó ẹ̀ ti na ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹ̀ dábùú ilẹ̀kùn dè é.

"Níbo lo ti ń bọ̀? Ọjọ́ mélòó lo fẹ́ lò?"

"Bàbá, bọ́mọ yín bá ti lè bá mi padà, ẹ mú mi sẹ́wọ̀n níbí."

Ìyàwó ẹ̀ bá a padà. Látìgbà náà, òun nìkan ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ọ̀pá yẹn sókè, láìbi ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú Oníbodè, a tẹ̀ lé ìyàwó ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ọ̀pá sókè, ó wọlé. Ni ó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ padà níwájú wa, ó nu ojú ẹ̀.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

A dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ọ̀gá ọlọ́pàá, tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Márùn-ún."

"Ẹ wọlé," ló wí. "Ẹ lo iye tó bá wù yín."