Kéèkì Tí Wọ́n Fi Bú Olóṣèlú

Kéèkì ni mò ń ṣe jẹun ní ìlú Oǹdó. Ọmọ Ìsìkàn ní Àkúrẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n tíṣà kan fẹ́ mi, ó sì mú mi wá sí Oǹdó, ibẹ̀ ni a ti bí gbogbo ọmọ wa. Iṣẹ́ mi kò ní òkìkí kankan kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Kéèkì ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ iléèwé ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa ń ṣe, àti ti ìgbéyàwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan ní àdúgbò wa wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní ìyá òun ló rán òun. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ olóṣèlú tó ní ọ́fíìsì ńlá ní Alágbàká, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà ní Àkúrẹ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá wá. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú ìyá àwọn, tí wọn kì í rí ju òjìji ènìyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n òun ló wá gbé wọn lọ sí ọsibítù, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, ojú sì là. Ìyá wá ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ òun jọ, kí òun wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì jọ gé kéèkì. Alájà márùn-ún ni wọ́n fẹ́.

Mo bi í pé ènìyàn mélòó ni yóò jẹ ẹ́. Ó ní wọn ò ní ju ogójì lọ. Mo sọ fún un pé àjà mẹ́ta á tó wọn, á tún ṣẹ́kù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní márùn-ún ni ìyá sọ, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á mọ ohun tí a máa ń ṣe nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Fóòmù ni mo gé fún àjà ńlá méjì tó wà nísàlẹ̀, mo fi áísìn funfun bò wọ́n títí wọn kò fi yàtọ̀ sí ìyókù. Àjà mẹ́ta tó wà lókè nìkan ni kéèkì gidi. Obìnrin náà mọ̀, ó sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbé e dé ilé Màmá. Ilé àtijọ́ ni, páànù orí rẹ̀ ti pọ́n. Kò sí àtíbàbà, kò sí olórin. Àga oníke ni wọ́n tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Màmá jáde wá, ènìyàn kúkurú, tín-ín-rín, wọ́n sì tẹ̀ síwájú kéèkì náà bí ẹni tó fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ń wo àwọn òdòdó ṣúgà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe àwọ̀ wọn jáde: eléyìí pupa, eléyìí dà bí ewé, eléyìí bí omi aró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ lo ṣe é? Súnmọ́ ibí, jẹ́ kí n wò ọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, wọ́n wò ó. Mo ti lé ní ogójì ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n n kò rántí ẹni tó ti wò mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá wọ ilé Ọlọ́run nígbà tí kò sí ẹnìkan níbẹ̀.

Ọmọ wọn olóṣèlú dé láìpẹ́, bùbá lásán ló wọ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ó gé kéèkì, ó fi ọwọ́ rẹ̀ bọ́ wọn. Áísìn kan Màmá nímú, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo yọ fóònù mi, mo ya fọ́tò náà. Kí n tó dé ilé ni mo ti gbé e sí ojú òpó mi, níbi tí àwọn oníbàárà ti máa ń wo iṣẹ́ mi, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wo ohun tí ọwọ́ mi ṣe. Kò sọ sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìjì kan ti jà, ó sì ti ká òrùlé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tó wà lókè àdúgbò wa. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìwé ìròyìn kan lórí ayélujára ti mú fọ́tò mi, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé náà, tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tí ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ lókè orí wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé olóṣèlú ń jẹ kéèkì, òjò ń pa àwọn ọmọ.

N kò tíì rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Fọ́tò tí mo fi ọwọ́ tí ṣúgà lẹ̀ mọ́ yà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà kan ní Oǹdó, kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti ń jà lé e lórí. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ níwájú ọjà ń tọ́ka sí i lórí fóònù ara wọn. Ní àárọ̀, wọ́n ní owó kéèkì náà tó ra ọ̀kadà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti tó ra mọ́tò. Mo ń gbọ́ wọn, mo ń rántí fóòmù tí mo fi ọ̀bẹ búrẹ́dì gé. Lórí rédíò ní Àkúrẹ́, ètò tí àwọn aráàlú máa ń pè sí kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Màmá tèmi pè mí láti Ìsìkàn, ẹ̀rù ń bà wọ́n, wọ́n ní kí n má jáde kúrò nínú ilé rárá.

Lẹ́yìn wọn ni ọkùnrin kan pè, ó ní òun ń bá olóṣèlú náà ṣiṣẹ́. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní kí n gba ohùn mi sílẹ̀, kí n sọ pé fọ́tò náà ti pẹ́, pé ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti yà á, àwọn ọ̀tá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ hú u jáde. Mo ní kó fún mi di ọ̀la. Nígbà tí ọkọ mi ti iléèwé dé, mo ròyìn fún un. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó tì mí.

"Irọ́ tó o bá pa lónìí, òmíràn ni wàá fi gbè é lẹ́sẹ̀ lọ́la. Lọ bá Màmá, kó o lọ tọrọ àforíjì. Fọ́tò wọn lo gbé síta láìbéèrè."

Mo lọ ní àárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà, ọmọ wọn obìnrin sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo kúnlẹ̀, mo rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí i pé wọn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣe ni àwọn ọmọ ti pa rédíò, tí wọ́n sì fi í pa mọ́ fún wọn. Wọ́n gbé ẹ̀wà sílẹ̀.

"Gbé fóònù yẹn wá, kí n wò ó."

Ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Ọdún mẹ́fà ni wọn kò ti rí ojú ara wọn nínú fọ́tò, wọ́n sì rọra sọ pé àwọn kò mọ̀ pé àwọn ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka wọn bọ́ sórí fọ́tò kejì, wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni àwọn wọ̀nyí. Mo sọ fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá iléèwé òkè yìí ni. Mo ní òun ni.

"Ta ló mọ̀ nípa rẹ̀ nínú ilé yìí?"

Ọmọ wọn obìnrin ló dáhùn. Gbogbo wọn ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ̀ pẹ̀lú. Ó ti ní òun á wá nǹkan ṣe sí i bí àwọn bá ti ṣe ayẹyẹ ojú ìyá tán.

Màmá ní kí a mú àwọn lọ síbẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Páànù iléèwé ti wó sínú oko ẹ̀gẹ́, òmíràn ti ká bí ewé gbígbẹ. Omi òjò ti fọ ohun tí tíṣà kọ sára pátákó dà nù, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń ka ìwé lábẹ́ igi. Màmá wọ kíláàsì kan, wọ́n gbójú sókè wo ojú ọ̀run, wọ́n fi ọwọ́ pa ògiri. Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo ọmọ àwọn ti kàwé, títí kan ẹni tó wà ní Alágbàká. Ojú tì mí. Èmi náà ti gbọ́ ní Ọjọ́rú pé òrùlé ti lọ. N kò yọjú síbẹ̀. Ìyẹ̀fun ni mò ń pò.

Nígbà tí a padà délé, wọ́n ní àwọn ń lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò. Ọmọ wọn obìnrin pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì bẹ ìyá títí lórí fóònù. Màmá kàn ń sọ pé àwọn ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta wọ takisí ní gáréèjì. Ẹni tó ń tọ́kùn ètò náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kò mọ ohun tó lè ṣe nígbà tó gbọ́ ẹni tí wọ́n jẹ́; ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kó tó rántí pé ìkúnlẹ̀ ló yẹ òun. Ó mú wa wọlé. Màmá wo yàrá kékeré náà yíká, wọ́n béèrè ibi tí àwọn tí àwọn fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wà. Ó ní inú ilé wọn ni wọ́n wà, wọ́n á gbọ́. Màmá tún gèlè wọn ṣe, wọ́n sì kí wọn: wọ́n kí àgbẹ̀, wọ́n kí ọlọ́jà, wọ́n kí aláìsàn tó wà lórí ibùsùn.

Èdè Oǹdó ni wọ́n sọ, ọ̀dọ́mọbìnrin náà sì ń tún un sọ fún àwọn tí kò gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí kò fi kúrò lọ́kàn mi.

"Èmi ni mo ní kéèkì yẹn," ni wọ́n wí. "Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Mẹ́ta ti kú. Mo ní kí wọ́n ṣe é ní àjà márùn-ún, kí n má bàa yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ọmọ mi fi bọ́ mi, ó sì dùn. Mi ò ní sẹ́ ẹ."

Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rọra bi wọ́n pé ṣé àwọn tó ń bínú wá jẹ̀bi ni. Màmá sún àga wọn mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí.

"Wọn ò jẹ̀bi. Mo ti dé iléèwé náà. Ojú tí ọmọ mi là fún mi ni mo fi rí i, mi ò sì lè tìtorí rẹ̀ padà fọ́jú. Kó wá fi páànù bo iléèwé náà."

Fóònù ilé iṣẹ́ rédíò náà, tí kò sinmi láti Ọjọ́ Ajé, kò dún. Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn dígí yọ ohun tó fi bo etí, ó ń wo Màmá. Ẹni tó kọ́kọ́ pè jẹ́ àgbẹ̀ kan láti Ìjàrẹ̀. Ó ní òun ti bú olóṣèlú náà gan-an lórí ètò yìí lánàá, òun ò sì tíì kó ọ̀rọ̀ náà jẹ, àmọ́ Màmá ni òun pè láti kí, wọ́n kú oríire ojú.

Ní ọ̀nà Oǹdó, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Màmá jókòó sí. Wọ́n ń sọ ohun tí wọ́n ń rí: igi kòkó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n tò sílẹ̀ ní Ọ̀wẹnà, mọ́tò tó jóná. A kọjá pátákó ńlá kan tí àwòrán ọmọ wọn wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin yìí sanra ju ọmọ àwọn lọ. Dẹ́rẹ́bà rẹ́rìn-ín títí tó fi rọra dín eré kù.

Olóṣèlú náà nìkan ló wa mọ́tò wá sí ilé ìyá rẹ̀ ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyá fún un ní oúnjẹ, wọn kò sì bá a wí. Lẹ́yìn oúnjẹ ni wọ́n jọ rìn lọ sí iléèwé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan nínú kíláàsì tó ti jókòó sí rí, ìyá sì dúró tì í.

Igi àti páànù dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun: ṣé àpò rẹ̀ ni àbí ti ìjọba? Kí ló dé tó fi jẹ́ iléèwé yẹn nìkan? Àwọn kan ní ṣe ni wọ́n kọ́ Màmá ní ohun tí wọ́n sọ. Ọkùnrin tó pè mí nípa irọ́ yẹn kò tún pè mọ́. Olóṣèlú fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan lórí rédíò títí dòní, bí a bá sì pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kí mi, èmi náà á kí i.

Lọ́jọ́ tí àwọn káfíńtà kan páànù tó kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti kúrò níbẹ̀, àwọn oníròyìn ti gba ibòmíràn lọ. Mo bu ìrẹsì sínú kúlà, mo gbé e gòkè lọ fún àwọn òṣìṣẹ́. Màmá ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, lórí àga lábẹ́ igi. Wọ́n ní kí n jókòó. A jọ ń wo àwọn ọkùnrin náà títí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn, tí wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ lórí òrùlé.