Ìje Tí Ẹṣin Pupa Fi Ẹsẹ̀ Ríro Sá

Ọkọ mi kì í pariwo mọ́ ẹṣin. Ó lè pariwo mọ́ mi, ó lè pariwo mọ́ awakọ̀ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré tí a ń wọ̀, tó bá gbé wa kọjá ibi tí a ń lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ ibùso ẹṣin, ohùn rẹ̀ á rọlẹ̀ bíi ti ẹni tó wọ yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, òwò obì ló sì bá dé Anyama, lẹ́yìn ìlú Abidjan. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi èrè obì kọ́lé, bàbá yìí ra ẹṣin kan tó ń gùn lọ sí yídì lọ́jọ́ ọdún. Ẹṣin náà kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn ará àdúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọkọ mi ló ń gé koríko fún un, òun ló ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dàgbà, kò bá wọn ta obì. Ó gba iṣẹ́ sí ibi tí àwọn olówó ti ń kọ́ ọmọ wọn ní ẹṣin gígùn, ibẹ̀ sì ni pátírọ̀n ti rí i.

Pátírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, ni gbogbo wa ń pe ọkùnrin náà. Oníṣòwò ńlá ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló pawọ́ pọ̀ tẹ́ pápá ìje kan sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n ń ra àwọn ẹṣin tí Faransé ń pè ní pur-sang, àwọn tí wọ́n ti ń tìtorí eré sísá nìkan bí láti ìran dé ìran. Ẹsẹ̀ wọn gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Tí o bá wò ó, wàá máa rò ó pé báwo ló ṣe ń gbé irú ara bẹ́ẹ̀. Pátírọ̀n kọ́ ibùso sórí ilẹ̀ kan lẹ́yìn Anyama, ó fi ọkọ mi ṣe entraîneur, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ ẹṣin fún ìje, ó sì fún wa ní ilé oníyàrá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùso náà.

Èmi, agbẹ̀bí ni mí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Williamsville. Láràárọ̀ mo ń wọ gbaka láti Anyama dé Adjamé, n ó wá fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Òórùn ẹṣin ń bá mi lọ. Àwọn aláboyún a máa bi mí pé, "Tántì, kí lẹ fi para lónìí?" Èmi á rẹ́rìn-ín.

Nínú iṣẹ́ ọkọ mi, ipò kìíní nìkan ni àwọn ènìyàn ń rí. Tí ẹṣin bá borí, olùkọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́. Tí kò bá borí, olùkọ́ rẹ̀ ò mọ nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé èwo nínú wọn ló délé láìfarapa, èwo ló jẹun tán. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹṣin wa kankan kò tíì borí fún ìgbà pípẹ́. Tẹ́lẹ̀, tí pátírọ̀n bá wá, á jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, á mu omi, á bá wa ṣàwàdà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ ló ń dúró sí sọ̀rọ̀, kò sì ń pa ẹ́ńjìnnì.

Ìgbà náà ni abo ẹṣin pupa dé. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e wá láti òkè, láti ìlú àwọn Mossi. Ó kọ oúnjẹ. Ọkọ mi dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan délẹ̀, ó jókòó lé e nínú ibùso náà, ó ń bá a sọ Yorùbá wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ títí ẹran náà fi na ọrùn wá, tó gba koríko lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó ti mọ èmi náà. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á na orí kọjá ẹnu ọ̀nà ibùso, á mí èémí gbígbóná sí mi lọ́rùn. Èmi tí mo ti ń bẹ̀rù ẹṣin láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú báàgì mi fún un.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sáré, ipò kejì ló gbà. Lẹ́ẹ̀kejì, díẹ̀ báyìí ló kù kó borí. Pátírọ̀n padà sábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní ìje ńlá kan ń bọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àlejò òun ń bọ̀ láti òkèèrè, abo pupa lòun sì fẹ́ fi hàn wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mò ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, mo rí ọkọ mi tó lóṣòó sí ìdí ẹran náà. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún, kò sì gbé e kúrò.

"Wá fọwọ́ kàn án," ó ní.

Mo fọwọ́ kàn án. Ó gbóná. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ kejì. Ó tutù.

Dókítà ẹran tó máa ń wá sọ́dọ̀ wa jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tí ìyá ìyá rẹ̀ ń sọ Yorùbá. Ó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá wí, Faransé ló sì fi ń dá wa lóhùn. Ó gbé ẹ̀rọ wá, irú èyí tí àwa náà fi ń wo ọmọ nínú oyún, ó sì yí ojú rẹ̀ sí mi kí n lè rí i. Mo rí ojú dúdú kékeré kan láàárín iṣan, níbi tó yẹ kó funfun.

"Tonton," ó sọ fún ọkọ mi, "iṣan ti ń ya. Ó gbọ́dọ̀ sinmi, oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Tó bá sáré báyìí, ó lè já."

Nígbà tí pátírọ̀n gbọ́, kò bínú. Ìbá sàn ká ní ó bínú. Ó ní òun mọ ẹnì kan tó máa ń fún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ ìje, tí ẹsẹ̀ kò fi ní ro ó mọ́ títí ìje á fi parí. Lórí pápá tiwa, kò sẹ́ni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹṣin wò.

"Vieux père," ó sọ fún ọkọ mi, "ìwọ ni entraîneur. Mi ò ní fipá mú ọ. Tó o bá ní kò ní sáré, n ó gbé e fún ẹni tó máa mú un sáré."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbé àtíékè àti ẹja síwájú ọkọ mi. Ó ń fi ọwọ́ tú u kiri inú abọ́.

"Ẹ máa kọ̀, àbí?" mo bi í.

"Ìyá Ìbejì, tí mo bá kọ̀, ṣé ó máa sinmi ni? Ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ wò láéláé ló máa lọ. Tó bá wà lọ́dọ̀ mi, mo ṣì lè sọ fún ẹni tó ń gùn ún pé kó má nà án."

"Bàbá Ìbejì, mo máa ń fún obìnrin tó ń rọbí ní abẹ́rẹ́ ìrora. Mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Kì í wo nǹkan kan sàn, ẹnu ìrora ló ń dí. Ẹran yìí kò ní ẹnu mìíràn tó lè fi sọ fún yín pé ó tó."

"Mo mọ̀."

"Tí ẹ bá mọ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ yín."

Ó gbé ojú sókè. "Níbo la máa kó lọ? Ta ló tún máa gbé ẹṣin fún mi?"

Àwọn ìbejì wa wà ní yunifásítì nígbà náà. Orí ilẹ̀ pátírọ̀n la wà, abẹ́ òrùlé pátírọ̀n la ti ń jẹun. Mo kó abọ́ kúrò nílẹ̀.

Ọkọ mi kò kọ̀. Mo ti sọ pé mi ò ní lọ wo ìje náà. Mo lọ. Ọkùnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló gún abẹ́rẹ́ náà, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Kò pẹ́ tí abo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó gbé ìrù sókè, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí yanrìn. Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn nìyẹn: inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé ẹsẹ̀ òun ti sàn.

Ó wà láàárín àwọn yòókù títí wọ́n fi yí igun tó kẹ́yìn, ó wá bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èrò dìde. Èmi náà dìde. Nígbà tó kù díẹ̀, mo rí i tí orí rẹ̀ ń mì sísàlẹ̀ sókè, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá kanlẹ̀. Síbẹ̀ kò dẹ ìrìn. Òun ló borí.

Pátírọ̀n dì mọ́ ọkọ mi, wọ́n ń ya wọ́n ní fọ́tò. Mo rí ojú ọkọ mi lórí èjìká pátírọ̀n. Kò wo kámẹ́rà, ẹsẹ̀ ẹran náà ló ń wò. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n so ó mọ́, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Ṣóńṣó pátákò ìkẹrin nìkan ló kanlẹ̀. Dókítà wa, tó wá nítorí ẹṣin ẹlòmíràn, ti kúnlẹ̀ sínú yanrìn, ó ń fi báńdéèjì dì í. Kò wo ojú ọkọ mi nígbà tó dé.

"Mo ti sọ fún yín," ó ní. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Kò bá wa sọ ọ́ rí.

Láti ọjọ́ kejì ni fóònù kò ti sinmi. Wọ́n kí ọkọ mi ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n kí èmi náà nínú gbaka. Àwọn olówó mìíràn gbé ẹṣin wá, ibùso sì kún. Wọ́n ní kò sí olùkọ́ ẹṣin bíi tirẹ̀ ní Abidjan. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń fọwọ́ nu ojú.

Iṣan abo pupa kò jọ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Á lè rìn, ṣùgbọ́n kò ní lè sáré mọ́. Ọkọ mi bẹ pátírọ̀n pé kó fi í sílẹ̀ ní ẹ̀yìn ọgbà, òun á máa gé koríko fún un fúnra òun. Pátírọ̀n rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà.

"Vieux père, ẹṣin tó ń sáré ni mo kọ́ ibí fún."

Ó tà á fún ọkùnrin kan ní Bassam, tó ń fi ẹṣin gbé àwọn àlejò kiri etí òkun. Láàárọ̀ tí wọ́n wá gbé e, ó kọ̀, kò gun ọkọ̀. Wọ́n fà á, wọ́n tì í, ó fi ẹsẹ̀ rinlẹ̀. Ọkọ mi wá gba okùn lọ́wọ́ wọn, ó sọ nǹkan sí i létí, ó ṣíwájú rẹ̀ gun pákó. Ẹran náà tẹ̀ lé e wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, a lọ sí Bassam. A rí i láàárín àwọn agboòrùn àti àwọn tó ń ta àgbọn. Wọ́n so òdòdó oníke mọ́ gògò rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ sì ti yọ. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ jọ wà lórí rẹ̀, ó ń tiro lọ lórí yanrìn. Nígbà tí wọ́n sọ̀, ọkọ mi lóṣòó, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ náà. Mo na ọwọ́ mi sí ẹran náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó yí orí padà.

Ẹni tó ni ẹṣin sún mọ́ wa. "Ṣé ẹ fẹ́ gùn ún?"

Ọkọ mi mi orí.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹsẹ̀ ẹṣin eléérú kan, tí í ṣe ti pátírọ̀n, gbóná bákan náà. Ìje tún kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo wà nínú ilé, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi láti ìta: "Rárá o. Kò ní sáré." Pátírọ̀n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ọkọ mi tún sọ ohun kan náà.

Wọ́n gba àwọn ẹṣin lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kó kúrò lórí ilẹ̀ náà. Anoumabo la wà báyìí, yàrá kan àti pálọ̀. Ẹṣin méjì ló kù tó ń kọ́, ti olùkọ́ àgbà iléèwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tọ́jú wọn sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ọ̀nà Bingerville. Wọn kì í sábà borí. Àwọn tó ń pe fóònù tẹ́lẹ̀ ti rí olùkọ́ mìíràn, wọ́n ní ọwọ́ ọkọ mi ti tutù.

Ká ní ẹṣin eléérú náà ṣubú ni, bóyá ọkàn ọkọ mi ìbá balẹ̀. Kò ṣubú. Olùkọ́ tuntun mú un jáde, ó sáré, ó borí, ó sì délé láàyè àti ní àlàáfíà. Ó tún sáré lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnì kan fi fídíò rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Ọkọ mi wò ó tán, ó ní kí wọ́n tún un fi.

"Nǹkan kan kò ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀," ó sọ fún mi nígbà tó ku àwa méjì. "Ìyá Ìbejì, àbí mo ṣì í ni?"

Mo sọ fún un nípa obìnrin kan tí mo ní kí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nítorí ẹ̀jẹ̀ tí mo rí. Inú mọ́tò ló bí sí lójú ọ̀nà, wẹ́rẹ́, ìdílé rẹ̀ sì fi mí ṣẹ̀sín. "Tí irú rẹ̀ bá tún dé lọ́la," mo ní, "n ó tún ní kí wọ́n gbé e lọ."

"Obìnrin yẹn lè la ẹnu bi ọ́ pé kí ló dé. Ẹṣin ò lè bi mí," ó ní, ó sì dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Bassam, mo yà sí etí òkun. Mi ò rí abo pupa. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe ẹni tẹ́lẹ̀, ó sì ní òun ò mọ èyí tí mò ń wí, ẹṣin pupa pọ̀. Mo dúró díẹ̀, mo wọ ọkọ̀ padà wálé. Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi. Kò bi mí.