Orúkọ Tí Mo Kọ Sáàárín Àwọn Aláriwo

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èmi ni mọ́nítọ̀ kíláàsì karùn-ún nílé ìwé wa n'Ílọrin. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ iṣẹ́ mọ́nítọ̀. Bí tíṣà bá jáde, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn aláriwo sójú pátákó. Bó bá dé, ẹgba ni. Kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló ń sọ. Ipò náà ń pa mí bí ọtí.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà ní ká ro ìdajì pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ó bọ́ síta. Mo ro òkè mọ́ òkè, mo ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, mo kọ ìdá méjì nínú márùn-ún. Ọmọbìnrin tá a jọ jókòó, ọmọ ahunṣọ kan, yọjú wo ìwé mi.

"Wàlláhì, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ìdajì márùn-ún, ṣebí méjì ààbọ̀ ni? Méjì tìẹ ò tó o. Mo bu ìdajì wàrà díndín fún ẹ, mo tún fi kún un, o wá ní kò tó ìdajì mọ́?"

Ó ní kí n gé wàrà náà sọ́nà mẹ́fà: mẹ́ta ni ìdajì, méjì ni ìdá kan nínú mẹ́ta, ó di márùn-ún nínú mẹ́fà. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní mọ́nítọ̀ ò mọ ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé mi kedere. Síbẹ̀ mo dìde, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó, òun nìkan. Mo padà wá pa ìdáhùn mi rẹ́, mo kọ tirẹ̀. Tíṣà dé, ó nà án lẹ́gba mẹ́fà. Ó wo ìwé mi, ó ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ọwọ́ tó ti wú lọmọ náà fi pa á.

Láti ọjọ́ yẹn, kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni mọ́, bí nǹkan ò bá sì yé òun alára, kò bèèrè. Nígbà tá a wọ kíláàsì kẹfà, a ò rí i. Wọ́n ní ó wà nílé, ó ń ran òwú. Ilé wọn ò jìnnà sí tiwa. N kò lọ bẹ̀ ẹ́.

Lánàá mo lọ mú ọmọ-ọmọ mi nílé ìwé. Kíláàsì wọn ń hó yee, wọ́n ń ṣàlàyé ìṣirò fúnra wọn, tíṣà wọn dúró láàárín wọn, ó ń bi wọ́n pé, "Báwo lo ṣe mọ̀?" Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ nà wá ti di ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ìtìjú ló bò mí. Lójú ọ̀nà, ọmọ náà ní, "Bàbá, ta ló kọ́ yín ní ìṣirò?"

Mo ní tíṣà mi ni. Ẹ ò rí ayé mi? Níbi tí kò yẹ ni mo ti kọ orúkọ ọmọ yẹn. Níbi tó yẹ kí n ti dárúkọ rẹ̀, mo gbé e mì.