Oúnjẹ Gbígbóná Tí Màmá Mi Kọ̀

Ọjọ́rú kan, ní aago méjì ọ̀sán, ni ohun tí mo fẹ́ ròyìn fún yín yìí bẹ̀rẹ̀ nílé wa ní Èjìgbò. Mi ò kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo rò pé èyí lè wúlò fún ẹnì kan.

Màmá mi ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n ti gba oògùn kimó, èyí tí wọ́n máa ń fà sí èèyàn níṣan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó ku ẹ̀kẹta. Dókítà sì ti là á mọ́lẹ̀ fún wa pé bí màmá bá tún rù sí i, ẹ̀kẹta yóò dúró ná títí ara wọn yóò fi gbé e.

Nítorí náà, iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí màmá jẹun.

Màmá ò jẹun! Mo se ẹ̀wà, mo se ẹyin, mo fi ẹja se ọbẹ̀. Wọ́n á wo abọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á yíjú sí ògiri.

“Gbé e lọ jàre, Sàídì. Inú ń rìn mí.”

Ìmọ̀ràn ò wọ́n o. Ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù pé ẹran àti ẹyin ló ń bọ́ jẹjẹrẹ. Mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun náà ni. Mo bi dókítà, òun sì ní ká fún màmá ní ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà dáadáa, torí pé ara wọn nílò ohun tí yóò fi tún ara ṣe. Mo fara mọ́ ti dókítà. Ṣùgbọ́n kí lèèyàn fẹ́ fi ìmọ̀ yẹn ṣe nígbà tí ẹnu ò gbà á?

Òfin kan sì wà nílé wa tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè: aláìsàn kì í jẹ oúnjẹ tútù. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, ló di òfin náà mú. Kí abọ́ tó wọ yàrá màmá, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ìdérí rẹ̀. Bí kò bá ta wọ́n lọ́wọ́, ó di orí iná padà nìyẹn.

Lọ́jọ́rú tí mò ń wí yìí, Àǹtí Sífáù, àbúrò màmá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abijan dé, wá kí wa láti ìlú Ara tó wà nítòsí wa. Ọkọ̀ wọn takú lọ́nà, ebi ti ń pa wọ́n. Bí wọ́n ṣe jókòó sétí ibùsùn ni wọ́n ṣí kúlà wọn. Atiẹkẹ ni, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó fara jọ gàrí tí ooru mú rọ̀, pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà àti tòmátì tí wọn ò sè.

“Kí lò ń jẹ yẹn?” Màmá ló bèèrè.

“Atiẹkẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti tutù pátápátá.”

“Bù ú fún mi wò.”

Èmi àti àǹtí wo ara wa. Màmá bu ẹ̀kíní, wọ́n bu ẹ̀kejì, wọ́n já ẹja sí i. Ibẹ̀ ni Ìyá àgbà bá wa, pẹ̀lú abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́.

“Sífáù! Oúnjẹ tútù? Ṣé o wá sin ẹ̀gbọ́n rẹ ni?”

“Mais non! Rárá o, Ìyá! Ẹ ò rí i pé wọ́n ń jẹun?”

“Má sọ Faransé sí mi! Otútù ló ń pa aláìsàn.”

Màmá ò gbójú sókè. “Ẹ jẹ́ n jẹun tán ná. Tí mo bá jẹun tán, kẹ́ ẹ wá máa jà.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ṣí ìdérí ẹ̀kọ, ooru rẹ̀ gba inú yàrá, màmá fọwọ́ bo imú, wọ́n sì gbé ṣíbí sílẹ̀.

Wọn ò tíì tọ́ ẹ̀kọ náà wò o! Ṣé oúnjẹ ni wọ́n ti ń kọ̀ láti ọjọ́ yìí, àbí òórùn tí ooru ń gbé wá bá wọn?

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo rí i kì í ṣe ẹ̀rí. Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú màmá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń gba oògùn náà, pé oúnjẹ tí kò gbóná lè rọrùn fún wọn. Ṣùgbọ́n ó kìlọ̀: ara wọn ò lè bá kòkòrò àrùn jà dáadáa lásìkò yìí. Kí oúnjẹ jẹ́ tuntun, kó jinná dénú, ká yé fún wọn ní àlùbọ́sà àti tòmátì tí a ò sè. Ó ní èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ láti àárọ̀ kò dára fún wọn.

Mo jíṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún Ìyá àgbà àti Àǹtí Sífáù. “Háà! Oúnjẹ tèmi ló wá di ilé kòkòrò?” Síbẹ̀, àǹtí pa kúlà wọn dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n se tuntun. Màmá jẹ ẹ́.

Mo rò pé ìbínú Ìyá àgbà á pẹ́ nílẹ̀. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, mo bá wọn lórí àpótí, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wà níwájú wọn, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe.

“Mò ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Kò ní tutù o. Kò kàn ní gbóná ni.”

Àwọn fúnra wọn ló gbé e wọlé. Màmá jẹ ẹ́ tán.

Mi ò sọ pé atiẹkẹ tàbí mọ́ínmọ́ín ń wo jẹjẹrẹ. Kò sí oúnjẹ tí mo mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá màmá mi lára mu sì lè má bá tiyín mu, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú yín. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò ju èyí lọ: bí aláìsàn bá kọ oúnjẹ, ẹ wo ohun tó ń kọ̀ gan-an kí ẹ tó gbé ìkòkò mìíràn kaná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tọ́jú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kí ló gba ẹnu wọn kọjá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún wa, mo fẹ́ kà á.

Bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe parí, mi ò mọ̀. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé màmá gun orí ìwọ̀n ní ọsibítù, wọn ò rù sí i, nọ́ọ̀sì sì fa oògùn ẹ̀kẹta sí wọn níṣan.