Èso Palà Lójú Ọ̀nà Valparai

Láti ìsàlẹ̀ òkè ni Ponnuthayi ti ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ èso palà yẹn.

"Ẹ má rà á," ló wí nígbà tí ọkọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tajà. "Ó ti pọ́n jù. Òórùn rẹ̀ máa ń rìn jìnnà, ó sì wà lára ohun tí erin fẹ́ràn jù lọ."

Kathirvel, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti gbé èso náà mọ́yà, ó tóbi bí ìkòkò omi, ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. "Màmá kékeré, ẹ̀yin náà! Ṣé erin á dá wa dúró pé ká fún òun níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Chellammal, ẹ̀gbọ́n Ponnuthayi, pàápàá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti èso náà sábẹ́ àga ẹ̀yìn, ọkọ̀ sì gbéra.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ponnuthayi fi já ewé tíì lórí àwọn òkè Valparai kó tó fẹ̀yìn tì, ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣì dúdú fún oje ewé. Ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn ará ilé rẹ̀ ní Dindigul wá kí i rí láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n wá sin Murugaiyan, ọkọ rẹ̀, tí erin pa nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Wọn ò dúró di alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó tún dé. Ìgbádùn ni wọ́n bá wá lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n fẹ́ wo omi tó ń já látorí àpáta àti oko tíì. Ìdí nìyẹn tí Ponnuthayi fi wọ bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn, kó lè mú wọn gòkè.

Kò sí kọ́ọ̀nà tí Kathirvel ò ti ní kí wọ́n dúró kóun ya fọ́tò. Bí ọjọ́ ṣe rọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn, tí kùrukùru sì bẹ̀rẹ̀ sí í bo ọ̀nà. Sebastin, awakọ̀ wọn, ọmọ pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, kò tíì wa ọkọ̀ gba ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ó yí kọ́ọ̀nà kan, ó sì tẹ bíréèkì lójijì.

Erin dúró sí àárín ọ̀nà. Akọ ni, òun nìkan, eyín rẹ̀ kan ti ṣẹ́.

Sebastin nawọ́ sí fèrè ọkọ̀. Ponnuthayi, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, gbá ọwọ́ náà mú.

"Má fọn ọ́n. Pa ẹ́ńjìnnì. Pa iná."

"Màmá, ẹ jẹ́ n fẹ̀yìn rìn."

"Ẹ̀yìn wo? Ọ̀gbun ló wà létí kọ́ọ̀nà tó wà lẹ́yìn wa. Pa á, ọmọ mi."

Ó pa á. Erin ń bọ̀, kò kánjú. Ó kọjá lára fèrèsé tí Ponnuthayi wà, ó sún mọ́ wọn débi tó fi rí ẹrẹ̀ tó gbẹ mọ́ ọn lára. Ó dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó sì ń fi ọwọ́jà rẹ̀ tọ́ ara ilẹ̀kùn wò, ó ń fín òórùn. Ọmọ oṣù méje tí Nithila, ìyàwó Kathirvel, gbé dání ké lẹ́ẹ̀kan. Nithila fi ọmú dí i lẹ́nu, omijé ń dà lójú òun fúnra rẹ̀.

Erin forí ti ọkọ̀. Ọkọ̀ mì, ó sún síwájú, táyà ọwọ́ òsì gun etí ọ̀nà. Ó tún tì í.

"Èso yẹn ni," Ponnuthayi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹ gbé e fún mi. Jẹ́jẹ́."

Kathirvel kò lè mira. Ìyá rẹ̀, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, ló bẹ̀rẹ̀ tó wọ́ èso náà jáde, tó tì í síwájú láàárín àga. Nígbà tó dé ọwọ́ Ponnuthayi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rọ̀ mọ́ aṣọ sárì rẹ̀.

"Thayi, o ò ní sọ̀ kalẹ̀!"

"Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ̀ yìí fẹ́ já bọ́ sísàlẹ̀."

Ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀. Èso náà wúwo débi pé apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó rìn dé etí ọ̀nà, níbi tí oko tíì ti dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, ó sọ ọ́ lulẹ̀ kó lè fọ́, ó sì fi ẹsẹ̀ tì í. Èso náà yí gbirigbiri láàárín ewé, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀.

Nígbà tó yíjú padà, erin ti kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Ó ń wò ó. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tó wà láàárín wọn. Ponnuthayi mọ̀ pé ẹni tó bá sáré ti kú. Ó fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó sì dúró. Etí erin náà fẹ́ síwájú, ó fẹ́ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹsẹ̀ sọ́nà oko, tó ń tẹ igi tíì pa bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tọ èso lọ.

"Ó yá, Sebastin," ló wí bó ṣe wọlé. "Wà á lọ."

Nígbà tí wọ́n dé ilé rẹ̀, ó se tíì fún gbogbo wọn. Kathirvel wá dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Màmá kékeré, ẹ má bínú."

"Dìde, lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ. Oúnjẹ ti fẹ́ jinná."

Chellammal dúró títí ilé fi pa rọ́rọ́, ó wá bá a jókòó lórí ẹní.

"Thayi, ṣé bó ṣe rí nìyẹn lọ́jọ́ tí Murugaiyan kú?"

Láti ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó bi í rí nínú wọn.

"Mi ò sí níbẹ̀," ni Ponnuthayi wí. "Mo ń di oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní kó dúró gbà á. Ó ní òun ti pẹ́." Ó bú sẹ́kún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbá a mọ́ra.

Àwọn yòókù wo omi náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n padà sí Dindigul lọ́jọ́ kẹta. Chellammal kò bá wọn lọ. Ó ní kí wọ́n fi àpò òun sílẹ̀, òun ò tíì mọ ìgbà tóun ń bọ̀.