Àkòrí Tí Mo Pa Tì

Ojú ń kán olùkọ́ mi ní yunifásítì: kí n mú àkòrí mémoire mi, ìwé ìwádìí àṣekágbá, wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Èmi tí mo gbọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ, mo ti ní tèmi nílẹ̀. Mo fẹ́ kọ nípa bí àwọn àgbà wa ní Lèma, abúlé wa lẹ́sẹ̀ òkè, ṣe ń pín ilẹ̀ oko láìsí ìwé kankan. Inú olùkọ́ dùn sí i. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó tó múlé tì wá lọ. Láti kékeré títí mo fi lọ sí yunifásítì ni bàbá mi máa ń ní kí n gbé iṣu tuntun mẹ́ta lọ fún wọn lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó fẹnu kan iṣu. Mo rò pé ọ̀wọ̀ àgbà lásán ni. Bàbá arúgbó fara balẹ̀ ṣàlàyé: bàbá àwọn ló yá bàbá bàbá mi ní ilẹ̀ tí a ń dáko sí, iṣu yẹn la sì fi ń sọ pé a ò gbàgbé.

"Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Kò sí ẹni tó mọ̀wé nínú àwọn ọmọ tèmi. Ọdún mẹ́ta rè é tí iṣu ò dé mọ́."

Mo mọ̀ pé láti ọdún mẹ́ta ni bàbá mi ti ń lọ sí mẹrí, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n lè gba ìwé ilẹ̀ náà lórúkọ ara wọn.

Mo bi bàbá mi nípa rẹ̀ nílé. Wọn ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Àdá ni wọ́n ń pọ́n, wọn ò sì gbójú sókè.

"Oko yẹn ló rán ẹ lọ sí yunifásítì. Ibo ni àwọn àbúrò rẹ máa dáko sí?"

Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an, ohun tí wọ́n ṣe sì ń tì mí lójú.

Mo lọ mú àkòrí mìíràn, títa kajú ní ọjà Glazoué. Mo sọ fún olùkọ́ pé mi ò rí ẹni bá mi sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìwé náà yege.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo pàdé bàbá arúgbó níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n bi mí bóyá ìwé náà ti parí. Mo ní ó ti parí. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú, wọ́n ṣàdúrà fún mi títí.

"Bí Ọlọ́run bá pè mí báyìí, kò burú," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ mi ti wà nínú ìwé."